Àṣìṣe Mọ́kànlá Péré

Ẹni tó bá rò pé akọni ni Delbert Kranz, kó lọ bi Leota Brandl, ìyá àgbà tó ń fọ aṣọ àwọn agbábésíbọ́ọ̀lù ìlú Tolliver ní Iowa. Iṣẹ́ Delbert ni kó máa mú bọ́ọ̀lù táwọn alátakò bá gbá kó tó kọjá lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jẹun nídìí eré yìí, àṣìṣe mọ́kànlá péré ni wọ́n sì kọ sí i lọ́rùn. Kò sí ilé ọtí tí kò ti fi fọ́nnu. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà tiẹ̀ ti ṣèlérí pé bí kò bá fi kún un títí tó fi máa fẹ̀yìn tì, àwọn á kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri pápá.

Ọgbọ́n ọ̀lẹ lásán ni! Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Tolliver, bọ́ọ̀lù tó bá ta lọ́wọ́ èèyàn, àṣìṣe rẹ̀ ni. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá kàn rárá, ẹni tó gbá a ni wọ́n á yìn, ẹni tó jù ú ni wọ́n á bá wí. Delbert mọ èyí bí ẹní mowó. Bí bọ́ọ̀lù bá ti jìnnà díẹ̀, á sáré ẹsẹ̀ méjì, á dúró, á mirí bí ẹni tó káàánú. Leota á sì pòṣé.

Lọ́jọ́ tí Delbert gbá eré rẹ̀ ìkẹyìn, Amos Tull, ọmọ ogún ọdún, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Títí eré fi fẹ́ parí, kò sí alátakò tó tíì gbá tirẹ̀ débi tí wọ́n á fi yìn ín. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan wà níjòókòó. Bó bá parí bẹ́ẹ̀, wọ́n á mú un lọ. Àṣà àwọn agbábésíbọ́ọ̀lù ni pé ẹnikẹ́ni kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí oríire rẹ̀ má bàa bàjẹ́, nítorí náà gbogbo wọn panu mọ́.

Ó ku alátakò kan ṣoṣo tó máa gbá. Onítọ̀hún gbá bọ́ọ̀lù gba apá òsì Delbert. Bí Delbert bá bẹ́ lé e, kó tiẹ̀ fàyà gbálẹ̀, tó mú un, eré parí. Bó tiẹ̀ ta lọ́wọ́ rẹ̀, àṣìṣe tirẹ̀ ni, iṣẹ́ Amos ò bàjẹ́.

Delbert sáré ẹsẹ̀ méjì, ó dúró, ó mirí.

Bọ́ọ̀lù kọjá lọ, wọ́n yin ẹni tó gbá a. Àwọn tó wá ṣa agbábọ́ọ̀lù pa ìwé wọn dé, wọ́n lọ láìmú Amos. Ojú ò ti Delbert. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ wá bá Leota.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sábẹ́ orúkọ mi.”

Leota tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jù ú padà sí i láyà.

“Kí ni kí n fọ̀ níbẹ̀? Látọjọ́ tí mo ti ń fọ aṣọ ẹ, àyà ẹ̀ ò kanlẹ̀ rí. Máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.”