Orúkọ Ẹja Bàbá Onílé Mi

Nílé wa l'Ékìtì, bí o bá fẹ́ tọrọ iyọ̀ lásán, wàá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà àgbà, ọmọdé àti ewúrẹ́. Ìwà yìí ni mo gbé wá sí Àgbádárìgì.

Bàbá onílé mi níbẹ̀, Ègùn ni, orí ọ̀sà ló ti fi ẹja pípa dàgbà. Oṣù méjì gbáko ló fi jókòó tì mí tó ń pe orúkọ ẹja, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ lédè Ègùn, orúkọ ní Yorùbá, ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo so orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan méjèèjì mọ́ra wọn. Mo ṣèlérí fún un pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ Ègùn dáadáa yóò rí i kà lórí fóònù.

Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tuntun kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ka irú àkójọ bẹ́ẹ̀, tó sì ń tò ó jáde. Ẹni tó ṣe é ní kí ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe kọ̀wé sóun. Mo gbé ẹja wa fún ètò náà. Ibi tí ẹja bá ti ní orúkọ méjì, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń mú. Bó ṣe gbé gbogbo orúkọ Ègùn mì nìyẹn.

Inú bí mi gidi. Mo jókòó, mo kọ̀wé. Mo kí ọkùnrin náà kú iṣẹ́, mo kí i kú làákàyè, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, bó bá ní. Mo gbàdúrà fún ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti wá sọ pé ó jọ pé àwọn orúkọ kan ò tíì yọjú, kó jọ̀ọ́ má bínú. Lọ́jọ́ kejì, ó dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ ìyànjú mi, kò sì ṣe nǹkan kan.

Bàbá ní kí n ka ìwé náà sóun létí.

"Níbo lo ti sọ fún un pé ẹja mi sọnù?"

"Ó wà nísàlẹ̀, bàbá."

"Bọ́n," ó ní. Kútọnú ló ti mú ọ̀rọ̀ Faransé yẹn bọ̀, "ó dáa" ló túmọ̀ sí. "Kọ ohun tí mo bá sọ."

Mo kọ ọ́: *Orúkọ ẹja mi lédè Ègùn sọnù. Ti Yorùbá nìkan ló kù. Ẹ bá mi wá a.* Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun bí mo ṣe fi í ránṣẹ́ tán.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ti tún un ṣe. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó ka gbogbo orúkọ náà sókè láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ níbi ẹja kan tó ní bàbá òun ló máa ń pa á jù. Ó wá ti fóònù sọ́dọ̀ mi.

"Ó yá, kí i wàyí," ó ní. "Má gbàgbé ìyàwó rẹ̀."