Òróró Lórí Ìwé Òkú Òòṣà

Yorùbá ni mo fi kọ ìwé náà, torí náà ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó máa kà á. Ìtàn ìlú kan ni, tí òòṣà wọn kú sórí ìtẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí àwọn àwòrò rẹ̀ ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Wọ́n fi igi ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣubú, wọ́n so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì ń fà á láti ẹ̀yìn aṣọ títa kó lè máa súre fún èèyàn. Látìgbà náà ni èrò ti ń pọ̀ sí i, torí òòṣà tó ti kú kì í sọ fẹ́nikẹ́ni pé rárá. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un ni ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ojúbọ. Omi tó ń gbé síwájú òòṣà láràárọ̀ ni kò dín mọ́. Ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń kí òkú náà káàárọ̀, ó ń ròyìn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún fún un. Mo fi ìyá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ìwé náà.

Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Cypress, lókè òkun níbí. Wọ́n wá wẹ ọmọ fún mi ni. Ọmọ ti wọ iléèwé, màmá ò tíì padà. Tíṣà ni wọ́n nílé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì mọ mọ́tò wà. Nílùú tá a wà yìí, bí o ò bá mọ mọ́tò wà, inú ilé ni wàá ti máa bá fìríìjì sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló yọ wọ́n. Ìjọ wọn wà ní Alief, tó jìnnà sílé wa, nínú ilé tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àga tẹ́lẹ̀, arábìnrin kan sì ń wá gbé wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́rú. Níbẹ̀, Ìyá Ìjọ ni wọ́n. Níbẹ̀ nìkan ni èèyàn ti ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárín ọ̀sẹ̀.

Màmá mi kì í jẹ́ kí nǹkan tuntun pẹ́ nínú ilé láìgbàdúrà sí i. Mọ́tò mi, ìwé-ẹ̀rí apòògùn mi, àní ẹ̀rọ ìfọṣọ, fọ́tò rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ. Nígbà tí páálí ìwé tí mo kọ náà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́, mo gbé ẹyọ kan sórí tábìlì mi, mo sì lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù. Ọjọ́ Àìkú ni; kí n tó darí dé, páálí ti dé Alief nínú mọ́tò arábìnrin. Màmá mi ò tíì ṣí ìwé náà wò. Pásítọ̀ wọn náà ò ṣí i. Ẹgbẹ́ mi ni pásítọ̀ yìí, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Ó da òróró sí èyí tó wà lókè, ó gbé e sókè, ó ní, “Ẹ̀mí ń sọ fún mi, ìwé yìí máa tú àwọn ìgbèkùn sílẹ̀! Every family, ẹ mú ọ̀kan lọ sílé!” Páálí òfìfo ni màmá mi gbé wálé, inú wọn dùn débi pé wọn ò rántí jẹun. Òkèèrè ló yẹ kí n ti wo igi ganganran, kí n sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo ní ta ló ń ka Yorùbá.

Ẹnì kan kà á. Alàgbà kan nínú ìjọ, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, kà á dé ibi okùn, ó sì pe pásítọ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé. Alàgbà yìí náà ló wá ròyìn ìpàdé náà fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí pásítọ̀ bá ní ìwé náà burú, ó di dandan kó sọ ta ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó da òróró sí i. Ẹyin lohùn, òróró náà ò sì ṣeé dá padà sínú ìgò. Wọ́n wá ojútùú sí i: àsọtẹ́lẹ̀ ni ìwé náà, ṣọ́ọ̀ṣì tó ya kúrò lára tiwọn, tó wà lódìkejì títì, ló ń bá wí. Odindi ìwàásù ni pásítọ̀ fi ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Àwọn àwòrò tí mo kọ ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbínú gbọ́dọ̀ ríbi bà sí, màmá mi ló sì gbé páálí wá. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, arábìnrin pè: “Mummy, ẹ má bínú, mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ mechanic.” Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun ti kó lọ sí Richmond, ọ̀nà ò bára mu mọ́. Àwọn tó kù ò gbé fóònù. Kò sẹ́ni tó bú màmá mi, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n nípò. A kàn ò rẹ́ni wá gbé wọn mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì yẹn, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá màmá mi lórí àga ẹ̀bá fèrèsé, gèlè lórí, báàgì lórí itan. Ọ̀sán ti pọ́n.

“Bóyá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà lójú freeway,” wọ́n ní.

Ó dùn mí wọra. Mo ní mo máa lọ bẹ pásítọ̀, mo máa ní kí wọ́n dáná sun ìwé náà. Màmá mi ní kí n má da àwọn láàmú. Wọ́n tú gèlè, wọ́n wá jígí wọn, wọ́n mú ìwé orí tábìlì mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mi, mo gbé wọn lọ fúnra mi. A bọ́ sójú freeway, wọ́n yíjú sí mi.

“Mo ti ka ìwé ẹ tán.”

“Ẹ ṣé, mà.”

“Àwọn àwòrò yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó ò ń bá wí.”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Ìyẹn ò bí mi nínú. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ńkọ́? O ní òpònú ni. O ní ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. O fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

Mo ní ìtàn lásán ni. A yà kúrò lójú freeway, a dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo pa iná mọ́tò. Àwọn méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rí wa, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá mi ń wo jígí mọ́tò, wọ́n ń tún gèlè wọn ṣe.

“Ìyá yẹn mọ̀ pé òòṣà ti kú,” wọ́n ní. “Ó mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n níbo lo fẹ́ kó lọ? Ṣé ó mọ mọ́tò wà ni?”