Púpurú Tó Wà Lórí Kọ́bọ́ọ̀dù Láàbù Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín lónìí. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mi ò sì lè dá a gbé mọ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ní Òkìtìpupa ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bí a ṣe ń wádìí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọdé, àti ohun tó ń ṣe nínú ìfun wọn. Ọ̀kan lára wọn ni Bísóyè, ọmọ Àjàgbà. Òun ló lọ bẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ nílùú rẹ̀ kí wọ́n fún wa ní ìgbẹ́ ọmọ wọn fún àyẹ̀wò. Ta ni ìbá fún èmi tí mo wá láti Ìbàdàn?

Inú àwo pẹlẹbẹ kékeré la ti ń bọ́ kòkòrò yẹn kó lè pọ̀ sí i. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, Bísóyè ṣí àwọn àwo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti bu! Irun funfun, irun aláwọ̀ ewé, bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé. Ó tún un ṣe. Ó tún bu. Ìgbẹ́ tí wọ́n fún wa sì ti tán!

Inú bí mi gan-an. Níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, kó máa lọ sílé. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ àkànṣe tó kàn. Mo yọ ọ́, mo fi ti Déjì, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, sí i. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Kò wí àwíjàre kankan. Èmi náà rò pé ẹni tó jẹ̀bi ló ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó lọ, Déjì fi ìgbẹ́ tí a gbà nílé ìwòsàn ṣe tirẹ̀, àwo rẹ̀ náà bu. Háà! Ọwọ́ ta ló wá dọ̀tí báyìí?

Mo gbójú sókè. Mo rí nílọ́ọ̀nù dúdú kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè tábìlì iṣẹ́ wa. Púpurú ni, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ! Ìyá ọkọ mi ló gbé e wá fún mi láti Àyèká. Mo ní màá gbé e lọ sílé tí a bá ṣíwọ́, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nílọ́ọ̀nù ti ya, púpurú ti bu, fáànù sì ń fẹ́ ẹ sórí iṣẹ́ wa. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé!

Mo bi Déjì bóyá wọ́n rí i. Ó wolẹ̀. Ó ní gbogbo àwọn ló rí i. Bísóyè tiẹ̀ fẹ́ sọ fún mi, ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ tó tún ìṣirò mi ṣe níwájú àlejò, tí mo bi í pé ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ táksí lọ sí Àjàgbà. Ìyá Bísóyè ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń bẹ̀ mí. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í. Mo ti bá a wí. Mo ní kó máa fọ ọwọ́ dáadáa." Ó sáré wọlé, ó gbé ẹ̀bùn jáde pé kí n mú un relé. Kí ló wà níbẹ̀? Púpurú!

Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo jẹ́wọ́ níwájú ọmọ rẹ̀. Bísóyè béèrè bóyá orúkọ òun ṣì lè wọlé. Mo ti pe àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ náà kí n tó kúrò nílé; wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní: "Mà, ẹ ò tíì wọ ìbọ̀wọ́." Òótọ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ̀ ọ́.

Gbogbo wa la máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Èmi náà ń sọ ọ́, mo sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ta lẹ ti pa lẹ́nu mọ́ rí? Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, kí lẹ rí tẹ́ ẹ ò lè sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ń kà á, mi ò sì ní bínú.