Ohun Tí Clifford Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà Gbogbo Ilé

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé èmi àti Clifford Garside. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní Marlsea, ìlú wa létí òkun. Òun ló gbé wọn lọ síléèwé, òun ló gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló gbé àwọn mìíràn lọ sí ọsibítù tí wọn ò fi padà wálé mọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò tún máa bẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò sì tíì dárí jì í.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Lorna. Lorna ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Dean, ọkọ náà, kò gbà pé wọ́n kọ òun. Bí Lorna bá ń ta búrẹ́dì nínú ṣọ́ọ̀bù, Dean á dúró ní òdìkejì títì, á máa wò ó. Bó bá ń lọ sílé, Dean á máa tẹ̀ lé e. Kóòtù ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn mọ́, ó sì ń sún mọ́ ọn. Lorna á pe ọlọ́pàá, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, ẹnì kan ń bọ̀. Ta ló ń bọ̀? Àgọ́ ọlọ́pàá ìlú wa ti di ilé kọfí, mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ gbogbo etí òkun láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé rí.

Mo máa ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti inú ilé ìdáná bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi Clifford pé kí ló ń ṣe Lorna. Ó ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, ó wá bi mí bóyá òjò á rọ̀. Àwọn èèyàn ibí yìí, ẹ wò ó, bí iná bá ń jó wọn lórí, wọ́n á ní oòrùn mú díẹ̀ lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn gbé, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi sí i.

Ìgbà náà ni ìbò kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá dé. Lọ́dọ̀ wa, kọmíṣọ́nnà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ará ìlú lásán ni, àwa la dìbò yàn án pé kó máa bi ọ̀gá ọlọ́pàá léèrè iṣẹ́. Kò lè rán ọlọ́pàá kankan níṣẹ́, àní kò lè ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ ohun tí wọ́n á fi ṣáájú àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e, bí ọ̀gá náà ò bá sì ṣe é, ó lè lé e lọ. Hilary Stannard ló jáde du ipò náà, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò ní dá pinnu ohunkóhun. Ohun tí ará ìlú bá ní ó ń dun àwọn jù lòun máa fi ṣáájú, òun á sì máa mú ọ̀gá ọlọ́pàá wá síwájú wọn kó wá jíhìn.

Clifford gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Ó wọ bàtà òjò, ó ń lọ láti ilé dé ilé ó ń polongo fún Hilary. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ tán pé nítorí Lorna lòun ṣe jáde, pé òun fẹ́ sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Ilé tó kọ́kọ́ kàn ni ti Ìyáàfin Tasker, opó kan tó ń gbé pẹ̀lú Gavin ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Ìyá náà bi í pé kí ló gbé e kiri nínú òjò. Báwo ló ṣe máa dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, kó ní ọkùnrin kan ń lé ọmọ òun kiri bí ẹran? Ojú tì í. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ọmọkùnrin kan máa ń gun alùpùpù lọ gun alùpùpù bọ̀ létí òkun. Ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu nìyẹn. Ó ní alùpùpù ni.

Ìyáàfin Tasker gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ní ariwo alùpùpù yẹn fẹ́ pa àwọn, kí Hilary bá àwọn fòpin sí i. Bí Clifford ṣe dé ilé kejì, alùpùpù. Ilé kẹta, alùpùpù. Kò sílé tí ò dé ní Marlsea, kò sì sílé tó ti dárúkọ ọmọ rẹ̀.

Hilary wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn péréte ló jáde dìbò. Ká sọ òdodo, kò parọ́. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé kí oníkálukú sọ ohun tó ń dùn ún. Ó wá jókòó nínú ilé ìdáná Clifford fúnra rẹ̀, ó mu tíì rẹ̀, ó bi í léèrè. Ó ka ohun tí wọ́n sọ, alùpùpù ló sì ṣíwájú ní Marlsea. Ó fi ṣáájú. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbà.

Ní gbogbo àkókò yìí, Lorna fẹ́ kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Scotland. Bàbá rẹ̀ ló dá a dúró. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, èèyàn àwọn ti wọlé, nǹkan á yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, Lorna pe ọlọ́pàá pé Dean wà níta ilé òun. Wọ́n bi í bóyá ó ti kan ilẹ̀kùn. Ó ní rárá. Wọ́n ní bó bá kan ilẹ̀kùn kó tún pè. Nígbà tó fi máa tún pè, Dean ti já ilẹ̀kùn wọlé. Mọ́tò kan ṣoṣo yẹn wà létí òkun ní gbogbo ìgbà yẹn. Àwọn ọlọ́pàá ń gba alùpùpù lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin, àwọn èèyàn sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, ànàmọ́ díndín wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí wọ́n sáré wọ mọ́tò. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Lorna ò kú. Àgbọ̀n rẹ̀ ló kán, ojú rẹ̀ ọ̀tún ò sì ríran mọ́. Wọ́n mú Dean, ó ń ṣẹ̀wọ̀n. Lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, nígbà tí ẹnu rẹ̀ tó lè ṣí, ìbéèrè kan ló bi bàbá rẹ̀.

"Dádì, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé yẹn, kí lẹ sọ fún wọn?"

Clifford ò lè purọ́. Ó sọ ọ́ fún un. Lorna yíjú sí ògiri. Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, ó kó lọ sí Scotland, kò sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ ibi tóun ń gbé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Hilary pe ìpàdé ìjíhìn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun àti ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó sí tábìlì níwájú. Ọ̀gá náà ní alùpùpù ti dínkù gidi létí òkun, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú Hilary dùn. Ó ní Clifford Garside ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, kó jọ̀ọ́ dìde kí wọ́n rí i. Hilary ti gbọ́ pé wọ́n lu obìnrin kan ní Marlsea, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ni Lorna ṣì ń jẹ́. Kò mọ̀ pé ọmọ Clifford ni.

Clifford dìde.

"Alùpùpù ò yọ mí lẹ́nu rí," ló wí. "Lorna ni, ọmọ mi. Dean ń dọdẹ rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ. Àwọn alùpùpù yẹn lẹ wà nídìí wọn nígbà tó fọ́ ọ lójú."

Ọkùnrin kan tó ń bójú tó ìpàdé wúkọ́, ó ní ẹni tó bá ní ìbéèrè yẹ kó ti kọ ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó dá mi dúró tí mi ò fi ju àga lù ú. Hilary dojú kọ Clifford.

"Clifford," ló wí, "mo jókòó nínú ilé ìdáná rẹ. Mo bi ọ́ pé kí ló ń dùn ọ́. Kí ló dé tó ò sọ?"

Clifford jókòó. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Hilary ń ka ohun tí èèyàn bá ké, ohun tí wọn ò lè ké ńkọ́? Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú? Obìnrin náà béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

A ń lọ sílé, èmi àti Clifford, ni Ìyáàfin Tasker bá sáré bá wa lójú ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó di Clifford lápá mú.

"Èmi náà ò gbọ́ alùpùpù kankan rí, Clifford. Bí mo bá ti wọlé, mo máa ń yọ ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ràn kúrò létí ni, kí n má baà gbọ́ nǹkan tí Gavin ń sọ sí mi. Bó bá ti parí ọ̀rọ̀ sísọ, á wá lù mí."

Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Má sọ fẹ́nikẹ́ni o, jọ̀ọ́. Kí ni wọ́n á máa rò nípa mi?"

Mo wo Clifford. Mo rò pé ó máa mú obìnrin yẹn padà sí gbọ̀ngàn, nítorí Hilary ṣì wà níbẹ̀, iná ṣì ń tàn. Clifford fọwọ́ tọ́ ọ léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mi ò ní sọ," ló wí.