Bùdó Sàídù Gun Lọ́rì Lọ Bá Ìjọba

Ní ọdún 1974, kò sí ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ Modúpẹ́ Ọláyíwọlá ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìlọrin. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, nọ́ọ̀sì tí ìjọba ń rán kiri láti tọ́jú àwọn ará oko nílé wọn. Bùdó Sàídù ló gbà á lọ́kàn jù. Adágún kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu níbẹ̀, inú omi náà ni sòbìà sì ti ń wọ̀ wọ́n lára. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ máa kọ ebè, ṣe ni wọ́n ń jókòó sílẹ̀, tí aràn gígùn ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn.

Modúpẹ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí sòbìà ń yọ lára sílẹ̀, ẹni mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, ọ̀gá kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ní ọ́fíìsì ìjọba, ó ní kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wọn.

"Sísítà, kò sí Bùdó Sàídù nínú ìwé wa," ni ọ̀gá náà wí. "N ò lè gbẹ́ kànga sí ìlú tí kò sí."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbọ́. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ ní abúlé, Binta, ìyàwó darandaran kan tí sòbìà ń yọ lọ́rùn ẹsẹ̀, rẹ́rìn-ín.

"Wàláì, Sísítà, bí wọn ò bá rí wa nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹsẹ̀ wa."

Orí Modúpẹ́ wú. Lọ́jọ́ tí lọ́rì wá kó iṣu lọ sí ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, ó bẹ awakọ̀, àwọn mẹ́tàlélógún tó lè dìde sì gun orí iṣu. Àwọn obìnrin dá wákà, Modúpẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń bá wọn gbè é títí wọ́n fi dé ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba.

"Àwọn wo nìyí?" ni ẹ̀ṣọ́ bi í.

"Àwọn ará ìlú tí kò sí ni."

Àwọn akọ̀wé ti kún ojú fèrèsé. Olúdáre fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Binta na ẹsẹ̀ sí i: aràn náà rèé, funfun bí òwú, wọ́n ti ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a jáde díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo ló máa jáde tán?" Ohùn ọ̀gá náà ti lọ sílẹ̀.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Alàgbà," ni Binta fèsì. "Òmíràn ṣì ń bọ̀ ní itan."

Olúdáre yọ bírò. "Ẹ tún orúkọ abúlé yín pè fún mi."

Gbogbo wọn pè é lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí oṣù tó parí, ẹ̀rọ tó ń lu ilẹ̀ dé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lu àpáta, kò sì sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, omi tú sókè, ó rin aṣọ funfun Modúpẹ́ gbingbin. Binta gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ń jó nínú ẹrẹ̀, Binta ń tiro.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni mẹ́rin péré ni sòbìà yọ lára. Iṣu wá pọ̀ débi pé lọ́rì ní láti máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.