Ọ̀rọ̀ Kan Tí N Kò Fẹ́ Túmọ̀

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Faransé, nínú kíláàsì kan tí ilé-ìwé aládàáni kan yá mi ní Ìkòsì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó gbọ́ ju "bonjour" lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń sọ nípa ara rẹ̀: orúkọ mi rèé, iṣẹ́ mi rèé, ibi tí mò ń gbé rèé.

Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Kétu. Kánádà ló ń lọ, apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Kì í pẹ́ dé, kì í sì í gbàgbé iṣẹ́ tí mo bá fún un ṣe nílé. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó pọn ọmọ, ara rẹ̀ ṣì ń run ata tó ń tà ní Mile 12. Ó kúnlẹ̀ kí mi. "Aunty, èmi náà fẹ́ kọ́ ọ. A jọ ń lọ ni."

Inú mi dùn. Àmọ́ mo rí i pé ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ náà, mo ní kí oníkálukú dìde, kó sọ nípa ara rẹ̀ láìwo ìwé. Ó kan wẹ́dà. Ó dìde, ó wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ níwájú òyìnbó."

Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ọjọ́ orí, ó sọ iṣẹ́. Ó wá ní, "Je suis célibataire. Je n'ai pas d'enfants."

Àpọ́n lòun, òun ò sì bímọ: ohun tó sọ nìyẹn. Kò ṣì í sọ. Ó yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tó ti ń fi dánra wò tipẹ́. Àwọn méjì tó gbọ́ ọ sorí kọ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló pàtẹ́wọ́. Ó mú bírò. "Aunty, èyí tó gùn yẹn, sélí... sélíbà kí ni, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ jẹ́ n kọ ọ́, torí ohun tí èmi náà máa sọ gbọ́dọ̀ bá tiwọn mu."

Wẹ́dà ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo ní, "A máa dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Irọ́ ni. Ìwé tí mo fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ yẹn wà níwájú obìnrin náà, èmi fúnra mi ni mo kọ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń fi ìka wá a bọ̀ láti òkè. Mo rí i tí ìka náà dúró.

"Àpọ́n," ó kà á síta. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Daddy, ta ni àpọ́n?"

"Ejẹ́ńtì tó ń bá mi ṣe físà ló ní bẹ́ẹ̀ ló máa yá. Tí mo bá débẹ̀ tán, màá wá mú yín."

"Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù?"

Ọkọ rẹ̀ ká ìwé tirẹ̀ pọ̀.

"Mo ní ṣé ẹ ti kọ ọ́."

"Mo ti kọ ọ́."

Mo rò pé yóò figbe ta. Èmi ló kọjú sí. "Aunty, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dìde. "Ó kàn mí. Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ pé mo lọ́kọ, mo sì bímọ mẹ́ta."

Mo ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. "Je suis mariée. J'ai trois enfants." Ó sọ ọ́ dópin. Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ tẹ̀ lé e. Wọn kò padà wá.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó rí i nídìí àpò ata rẹ̀ ní Mile 12. Mo fẹ́ yà gba ọ̀nà míì, àmọ́ ó pè mí. Ó ní òun àti ọkọ òun jọ lọ bá ejẹ́ńtì náà, wọ́n sì tún fọ́ọ̀mù kọ. Orúkọ òun àti tàwọn ọmọ ti wà níbẹ̀, àwọn ń retí èsì. Mo tọrọ àforíjì fún irọ́ tí mo pa. Ó ní ó ti tán. Mo wá bi í bóyá ó ti dárí ji ọkọ rẹ̀.

Ó fa okùn àpò náà le, ó so ó.

"Aunty, mo ṣì ń wò wọ́n."