Uncle Ẹlẹ́nu-ọ̀nà àti Scooter Ńlá Wọn

Uncle tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í gun scooter ńlá wọn láì kọ́kọ́ fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Wọ́n á ní, "Ohun tó bá lágbára, ẹ̀sọ̀ la fi ń bá a lò."

Èyí kékeré tí wọ́n ń gùn tẹ́lẹ̀ máa ń ké bí ewúrẹ́ tó bá dé òkè Snellville, ìlú tí a ń gbé ní Amẹ́ríkà. Èyí ńlá yìí kì í pariwo, àmọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti fò.

Aunty, ìyàwó wọn, ní òun ò ní jókòó sẹ́yìn wọn àfi tí òun bá rí ẹlòmíì tó lọ tó bọ̀. Uncle bá pè mí.

"Di ìbàdí mi mú o."

"Uncle, mo ti dàgbà." Àwọn ọmọge choir ń wò wá, mi ò di Uncle mú.

Scooter fò síwájú, ẹ̀yìn lèmi ń lọ. Ọrùn wọn ni mo rọ̀ mọ́, mo lọgun, "Mọ́mì mi o!"

"Ṣé ọrùn ni wọ́n ń pè ní ìbàdí nílé yín?"

Aunty ti wọ mọ́tò. "Mo ti rí i."

Láti ọjọ́ náà, Uncle á máa gun scooter lọ níwájú, Aunty á máa wa mọ́tò tẹ̀lé wọn. Tí mo bá rí wọn bẹ́ẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dùn mí. Ọwọ́ méjì péré ni Uncle tọrọ lọ́wọ́ mi, kí n fi di ìbàdí wọn mú.